Ọjọ́ tí Uná Kú ní Gangare

Bí ẹ bá ń wá ilé wa ní Gangare láyé ìgbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ béèrè nọ́ńbà ilé, ẹ ṣá tẹ́tí. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó rí àyè yọjú nínú ọyẹ́ Jos, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ màámi tó ń dún takatakataka. Ẹ ó gbọ́ Màmá Ládì, obìnrin Háúsá tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń fi ìgbálẹ̀ lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ìkòkò kùnú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbọ́ ọba kan tó ń bú ìjòyè rẹ̀. Ọba ọ̀hún, bàámi ni. Ìjòyè náà, bàámi náà ni. Ìjòyè á fi ohùn tín-ín-rín bẹ̀bẹ̀, ọba á tún gbaná jẹ, gbogbo rẹ̀ nínú balùwẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ a máa sáré wá làjà. Àwa ará ilé kò tilẹ̀ kọbi ara sí i mọ́; ìgbà tí balùwẹ̀ bá dákẹ́ ni àyà wa máa ń já.

Olùkọ́ ni bàámi. Láti Ìkẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ti gbé e wá sí Jos láti wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yàrá ìkàwé ló gbà á lọ́kàn. Eré orí ìtàgé ni. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń ya àwòrán tí wọ́n ń ta sẹ́yìn àwọn òṣèré, òun náà ló tún pọ̀ jù nínú àwọn òṣèré ọ̀hún. Màámi a máa sọ pé, "Ọkùnrin mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹun, ẹyọ kan ló ń gbowó oṣù." Malam Mai Wasa ni àwọn aládùúgbò wa ń pè é, ìyẹn Olùkọ́ Eléré, bàámi sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí n kò tíì rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Màámi á tú àpò fúláwà, á fọ̀ ọ́ títí lẹ́tà ara rẹ̀ yóò fi ṣá, á wá rán wọn pọ̀ di aṣọ gbàgàdà kan tó lè bo ògiri. Iwájú aṣọ yìí ni bàámi ń ya àwòrán sí: ààfin, igbó, odò, ohunkóhun tí eré bá fẹ́. Ṣọ́ọ̀kì tó ṣẹ́ kù ní kíláàsì ló fi ń ṣe funfun, erùpẹ̀ pupa láti inú kòtò àwọn awakùsà ni pupa rẹ̀, búlúù tí màámi fi ń fọ aṣọ funfun ni ojú ọ̀run rẹ̀, sítáàṣì ló sì fi ń po gbogbo wọn. Ẹ̀yìn aṣọ ńkọ́? Ẹ̀yìn ló ń kọ eré sí. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ìdí ògiri ló fi ń kọ ọ́, gàdàgbà gàdàgbà, kí òṣèré tó dúró lẹ́yìn aṣọ lè ka ohun tó kàn kó tó jáde. Ará ìlú tó jókòó níwájú ń wo ààfin, òṣèré tó wà lẹ́yìn ń ka ìwé, aṣọ kan náà ni.

Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo ti kọ́ Yorùbá kíkà. Kíkà ni mo wí o, n kò ní mo gbọ́ ọ tán. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe màámi, ṣùgbọ́n Dilimi nínú Jos ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ náà sí, kò sì tíì fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Èmi àti Ládì ọ̀rẹ́ mi, Háúsá là ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí bàámi bá rán mi níṣẹ́, "To" ni màá fi dáhùn, torí bí Háúsá ṣe ń sọ pé ó dáa nìyẹn. Bàámi á ní, "Kí ló tó?" Màá ní, "To, Bàámi." Á ní, "Mo ní kí ló tó?" Ibẹ̀ la ó wà títí màámi á fi ké láti ìdí ẹ̀rọ pé ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́ àti ọmọ tí wọ́n ń rán, ọ̀kan nínú wọn kó lọ ra iyọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìgbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ètè, ẹ̀gbọ́n bàámi obìnrin wá kí wa láti ilé. Ìyá Ìkẹ́rẹ́ là ń pè é. Ìyá gbọọrọ ni, ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Odindi àpò iṣu ló rù wá, torí ó ti gbọ́ pé túwó là ń jẹ ní Jos, àánú wa sì ṣe é. Kò tíì tú gèlè tó ti ní, "Àjò ò dùn kí onílé má relé, ìwọ Dáre." Dáre ni bàámi, òun nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo Gangare. Èkìtì pọ́ńbélé ló ń sọ, n kò lè fara wé e tán, ẹ bá mi fojú fò ó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí n kò bá gbọ́, ẹ̀rín ni mo fi ń dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ gún iyán fún wa kí ojú wa lè là. Ó dáná, ó gbé iṣu ka iná, òtútù wá lé e wọlé lọ wọ súwẹ́tà. Èmi àti Ládì ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tó padà dé. Ó wo ìdí ìkòkò, ó pàtẹ́wọ́, ó káwọ́ lérí. "Háà! Uná ti kú! Uná kú, ẹnì kan ò sì sọ fún mi!"

Ẹ gba tèmi rò. Mo mọ ohun tí ń jẹ́ kú. N kò mọ Uná. Àgbàlagbà káwọ́ lérí, ó ní Uná kú, wọn ò sì sọ fún òun: ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ bá rò? Eré ni mo bá sá lọ bá màámi. "Màámi, Uná ti kú o!" Ẹ̀rọ dákẹ́. "Uná wo?" Mo ní Uná ti Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ni, wọn ò tilẹ̀ sọ fún un. Màámi, ọmọ Dilimi, kò mọ̀ jù mí lọ. Ó dìde, ó so ìborùn mọ́dìí, ó ní, "Yéè! Ó ní láti jẹ́ ẹbí tímọ́tímọ́." Kó tó délẹ̀, Ládì ti sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti sọ fún àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ti kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń fẹ́ iná tó kú náà, èéfín sì ń ṣe é bó ṣe fẹ́. Ìgbà tó máa fi jáde, omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin rí omijé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Màmá Ládì dì mọ́ ọn, ó ní, "Allah ya jikanta, Allah ya jikanta," kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tó lọ. Gbogbo wọn ń wí bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìkẹ́rẹ́ kò gbọ́ Háúsá, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ ní Jos nìyẹn. Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dì wọ́n mú lọ́wọ́: "Ẹ ṣé, ẹ ṣé o. Inú mi dùn pé ẹ wá." Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Màámi kúnlẹ̀ di ìyá mú lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń ké Uná tí n kò mọ̀ rí.

Báyìí ni bàámi ṣe bá wa. Ó gbé kẹ̀kẹ́ tì, ó wo ẹní, ó wo ẹkún, ojú rẹ̀ funfun. "Ta ló kú?" Mo ní, "Uná ni, Bàámi. Ilé ìdáná ló kú sí." Bàámi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo èéfín, ó wò mí. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tó rí èémí mí ló tó ṣàlàyé pé ohun tí ìwé ń pè ní iná, uná ni lẹ́nu àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, bí ilé ti í jẹ́ ulé, tí iṣu ń jẹ́ usu. Ènìyàn kan kò kú o, iná ni. Ó tún un sọ ní Háúsá fún àwọn ará ilé, n kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí ní àgbàlá yẹn. Láti ọjọ́ náà, Mama Una ni gbogbo Gangare ń pe Ìyá Ìkẹ́rẹ́. Ọmọdé ibẹ̀ kan kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ẹní fúnra rẹ̀, ó ní, "Dáre, ọmọ rẹ kò mọ iná. Ọmọ tó ń jẹun nínú ilé, kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é." Bàámi ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ẹ̀rín rẹ, ẹkún bàbá wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ yìí ń bá mi lọ ulé." Màámi padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ta ni yóò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ jiyàn? Bàámi bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ó ta ọgbọ́n eléré. Ó ní òun ń múra eré sílẹ̀, èmi Jùmọ̀kẹ́ ni yóò ṣe ọmọ ọba inú rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n òun dúró wò ó. Bí mo bá sọ Yorùbá tó dán mọ́rán lójú gbogbo ènìyàn, kí ó fi mí sílẹ̀. "Bó bá ṣì í ńkọ́?" Bàámi gbé fìlà rẹ̀ wọ̀. Ó ní, "Ẹ mú un lọ."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. N kò mọ Ìkẹ́rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni Ládì, ẹ̀rọ màámi, ọba inú balùwẹ̀, àti ọyẹ́ tó ń mú kí èéfín jáde lẹ́nu wa bí ẹni ń mu sìgá. Bí màámi bá ń rán àpò fúláwà fún aṣọ eré náà, á dánu dúró, á wò mí, á tún tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ń lúgọ sẹ́yìn aṣọ lójoojúmọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ mi kí ọ̀dà tó gbẹ. Eré náà kò le: iná ń jó ààfin, ọba ń sùn, ọmọ rẹ̀ jáde láti jí ìlú. "Iná! Iná o! Ẹ dìde, iná ń jó ààfin!" Bí mo bá ti pariwo rẹ̀, Ìyá Ìkẹ́rẹ́ á gbé obì kúrò lẹ́nu, á ní, "Uná." Bàámi á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀yọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú ló ń wá wòran. Ta ni yóò gbọ́ uná?" Á ní, "Ọmọ Èkìtì kọ odindi ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ Èkìtì kan níbẹ̀, ó tún ń béèrè ta ni yóò gbọ́." Wọ́n á fà á títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Ọ̀sán ọjọ́ eré pé, gbọ̀ngàn ilé ìwé bàámi kún dẹ́múdẹ́mú. Yorùbá Jos wá, àwọn aládùúgbò wa wá, àwọn ọmọ Háúsá àdúgbò sì jókòó sílẹ̀ níwájú pátá. Nílé, àpò Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ti wà ní dídì, tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màámi ló di tèmi, kò jẹ́ kí n wo ojú òun. Ìyá Ìkẹ́rẹ́ jókòó lápá ọ̀tún ìtàgé, nítòsí bùkẹ́ẹ̀tì omi tí màámi gbé síbẹ̀ fún àwọn òṣèré. Iyán ti wà níkùn, gbọ̀ngàn sì móoru. Eré kò tíì lọ jìnnà tí orí rẹ̀ ti ń mì lọ́tùn-ún lósì.

Bàámi, ọba, dùbúlẹ̀ lórí ìtẹ́, ó ń hanrun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ààfin tó yà, pẹ̀lú iná pupa tó ń jáde lójú fèrèsé. Mo jáde. Mo gbé ohùn sókè: "Iná! Iná o!" Àwọn ọmọ iwájú sì dá mi lóhùn pẹ̀lú ayọ̀: "Ga shi nan!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé "ina" lédè Háúsá, ìbéèrè ni: níbo? "Ga shi nan" sì ni pé òun rèé níbí. Wọ́n rò pé mò ń béèrè ibi tí nǹkan wà, ọmọlúàbí sì ni wọ́n, wọ́n ń fi hàn mí. Mo tún kígbe: "Iná!" Wọ́n na ìka sí aṣọ: "Ga shi nan!" Bàbá arúgbó kan fi pẹ̀lẹ́ là mí lọ́yẹ̀ pé ẹ̀yìn mi gan-an ló wà. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ọba. Ọba ń hanrun, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ń pa á kú lọ, kò sì lè jí, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ jí. Ọ̀rọ̀ mi wà lẹ́yìn aṣọ, èmi wà níwájú. Mo rí màámi tó fi ìborùn bo ẹnu. Mo rí àpò mi lójú inú. Gbogbo Yorùbá tí mo mọ̀ fò lọ.

Ẹyọ kan ló kù. N kò ronú sí i, ó kàn jáde ni, pẹ̀lú ohùn tí Ìyá Ìkẹ́rẹ́ ti fi ń tún un ṣe fún mi láti ìgbà yìí wá: "Uná! Uná o! Ẹ jáde nínú ulé! Uná!"

Ìyá Ìkẹ́rẹ́ fò dìde. Gbogbo "iná" tí mo ti ń pariwo, kò gbọ́ ọ̀kan. Oorun ló ń sùn. Uná ló wọ̀ ọ́ létí. Ó lajú, ó rí pupa lójú fèrèsé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Láti ẹ̀yìn, Màmá Ládì kígbe, "Una ta tashi!" Uná ti dìde! Lóòótọ́, ó ti dìde. Ó gba bùkẹ́ẹ̀tì mú, ó gun ìtàgé, ó sì da omi náà wààà sí ààfin, ọba, àti ọmọ ọba.

Sítáàṣì kò bá omi ṣọ̀tá. Ojú ọ̀run ṣàn wọnú iná, iná ṣàn wọnú ògiri, ààfin di ẹrẹ̀. Bí aṣọ ti rin gbingbin, ọ̀dà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn síwájú, gbogbo eré bàámi, ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì ni, láti ọ̀tún wá sósì. Bàbá arúgbó ẹ̀ẹ̀kan sún mọ́ ọn, ó ní, "Kai, Malam! Ṣé Lárúbáwá lo tún kọ sí i ni?"

Gbọ̀ngàn fẹ́ wó. Ìyá Ìkẹ́rẹ́ dúró pẹ̀lú bùkẹ́ẹ̀tì òfìfo, ó ti mọ ohun tó ṣe, ojú sì ń tì í. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òṣèré gidi ni bàámi. Ọba dìde jókòó, omi ń kán ní irùngbọ̀n òwú rẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Ta ló pa iná ààfin mi?" Ìyá Ìkẹ́rẹ́ wo àbúrò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ó gbé bùkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Kábíyèsí."

"Kí ni kí n fi ta ọ́ lọ́rẹ, ìyá?"

Èmi àti màámi àti bàámi la mọ ohun tó lè béèrè. Ó yíjú sí mi, ó wò mí pẹ́, èmi tí omi ń kán lára mi, tí eyín mi ń gbá ara wọn. Ó ní, "Kábíyèsí, ohùn ulé ni ọmọ yìí fi pè mí. Kí ni mo tún ń mú un lọ ulé wá? Ẹ jẹ́ kó dúró tì yín. Aṣọ yẹn ni kí ẹ fún mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n rò pé bí bàámi ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Màámi nìkan ló ń sunkún.

Ìgbà tí aṣọ gbẹ, Ìyá Ìkẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí bàámi tún ààfin yà sí i. Ẹ̀yìn ló ní kó yí i sí. Ó fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà, ó ní, "Tún un ṣe." Bàámi wò ó, ó kùn, ó bu ọ̀dà, ó fi ìlà pa "Iná" rẹ́, ó sì kọ "Uná" sórí rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́ fún ìsinmi, èmi fúnra mi ni mo ní mo fẹ́ lọ, mo bá aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kò ní ṣàì ka eré àbúrò rẹ̀.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ, Jos náà ni mo sì wà, nígbà tí wọ́n wá tufọ̀ Ìyá Ìkẹ́rẹ́ fún wa láti ilé. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Màmá Ládì, tó ti darúgbó, tó ń yá oòrùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Màmá, Una ta rasu." Uná ti kú. Ó ya ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ilé ìdáná: "Haba, Jùmọ̀kẹ́! Lọ mú ìṣáná." N kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó gbé ẹní wá. Ó tẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó fà mí jókòó, ó dì mọ́ mi. "Allah ya jikanta," ó ní, "Allah ya jikanta." Mo fẹ́ ṣe àmín. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé o. Inú mi dùn pé ẹ wá."